Ògiri Gúnrégé

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ ògiri kan ṣoṣo. Ògiri odi àtijọ́ tó wà létí omi ni, odi bíríkì pupa tí àwọn ọmọ ogun ń gbé láyé ọjọ́un, tí àwọn èèyàn ń gba tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀ wò báyìí. Apá kan rẹ̀ wó lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, bàbá mi tó jẹ́ bíríkìlà ni wọ́n sì pè kó wá tún un mọ. Oṣù mẹ́rin gbáko ló fi ṣe é. Bí àlejò bá wọlé wa, ìdí rẹ̀ ò ní tíì kan àga tí bàbá á fi bi í bóyá ó ti dé odi rí. Bí ó bá lóun ò tíì débẹ̀, ó di dandan kó gbọ́ ìtàn ògiri kó tó rí omi mu.

Gúnrégé ni wọ́n ń pè é nídìí iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Kò lè rí ihò kó má fi símẹ́ńtì dí i. Ó dí ihò aláǹgbá tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó dí ibi tí wáyà tẹlifíṣọ̀n gbà wọlé mọ́ wáyà náà lára, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, ńṣe la gé wáyà. Ìyá wa, kó tó di olóògbé, máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe lanu sùn nínú ilé yẹn.

Ohun kan ló ń ká a lára láti ọjọ́ tí iṣẹ́ odi ti parí. Pátákó tí wọ́n gbé kọ́ síbẹ̀, orúkọ ọ́fíìsì tó ń bójú tó odi ló wà lára rẹ̀, àti ti ọ̀gá kan tí bàbá mi búra pé kò fọwọ́ kan yanrìn rí láyé rẹ̀. Kò sí orúkọ bíríkìlà. Nígbà tí rédíò wá kéde pé wọ́n fẹ́ ṣe pátákó tuntun, pé kí gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mú ẹ̀rí wá kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀, bàbá mi pè mí láàárọ̀ kùtù.

"Abẹ́rẹ́," ó ní. Abẹ́rẹ́ ló ń pè mí, nítorí pé mò ń ránṣọ àti nítorí ẹnu mi. "Ṣé mọ́tò rẹ ṣì ń rìn?"

"Ó ń rìn, bàbá."

"Wá gbé mi lọ gba orúkọ mi."

Òjò fi ọjọ́ mẹ́ta rọ̀ láìdá lọ́sẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹrin, tí oòrùn yọ, la lọ. Bàbá mi wọ bàtà tó fi sin ìyá wa. Ó di ìwé iṣẹ́ rẹ̀ àti fọ́tò kan sínú ọ̀rá, ó gbé ọ̀rá náà lé itan nínú mọ́tò, kò sì jẹ́ kí n bá òun gbé e sẹ́yìn. Agogo méjì ni ọ̀gá ọ́fíìsì fún un. A débẹ̀ ní nǹkan bí agogo méjìlá, nítorí pé bàbá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pẹ́ délé ẹni tó fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan. Àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ká máa bá àwọn àlejò rìn kiri ná kí àkókò tó tó. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan ni, méjìlélógún, tí wọ́n gba ìsinmi ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tó so fèrè mọ́rùn ló ń fi wá mọ̀nà.

Ilé iná la kọ́kọ́ lọ, ilé róbótó gíga tí wọ́n fi ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará báńkì gùn ún lọ sókè, wọ́n ń ya fọ́tò. Bàbá mi dúró nísàlẹ̀, ó ń wo bíríkì, ó ń ṣíọ̀.

"Wo ojú ìsopọ̀ yìí. Ọtí ló ń pa ẹni tó mọ eléyìí."

"Bàbá, ẹni yẹn ti kú láti igba ọdún. Ẹ fi òkú sílẹ̀."

"Kó tó kú ńkọ́?" ó ní, ó sì yí ojú sí ibi tí odi wà.

Láti ibẹ̀ la gba ilé ẹ̀tù kọjá, níbi tí wọ́n ń kó ẹ̀tù ìbọn pamọ́ sí. Wọ́n gbẹ́ ẹ wọnú ẹsẹ̀ òkè ni, ilẹ̀ ló yí i ká lẹ́yìn. Inú rẹ̀ tutù, ó sì ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ọmọbìnrin afinimọ̀nà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ka sí àwọn ihò kéékèèké kan ní ẹsẹ̀ ògiri, èyí tí kò ju kí ọmọdé ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ. Omi ń sun jáde nínú wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ wo ọgbọ́n àwọn tó kọ́ ọ," ó ní. "Gbogbo ògiri tí ilẹ̀ bá gbára lé ni wọ́n fi irú ihò yìí sí lẹ́sẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ wọnú ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ lomi ń gbà jáde. Tí kò bá rọ́nà jáde, á máa ti ògiri títí á fi wó."

Mo rí bàbá mi tó gbé ọ̀rá rẹ̀ láti apá kan sí èkejì.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé ti inú odi náà ní i?"

"Gbogbo wọn ló ní i, sà."

"Bí ẹnì kan bá wá dí i ńkọ́?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ta ló máa jókòó dí i?"

Àwọn ará báńkì bá a rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fẹ́ rẹ́rìn-ín kí n tó wo ojú bàbá mi. Mo mọ ojú yẹn. Ìgbà tí dókítà jáde wá bá wa lọ́jọ́ tí ìyá wa kú ni mo rí i kẹ́yìn.

A jáde, àwọn yòókù ṣíwájú wa lọ́nà òkè tó lọ sí odi. Bàbá mi ń fẹsẹ̀ wọ́.

"Mélòó lẹ dí?" Mi ò tiẹ̀ bi í bóyá ó dí wọn.

"Mẹ́rìndínlógún. Ẹsẹ̀ ògiri àtijọ́ tí kò wó ni wọ́n wà, mo rò pé oyin ló dá wọn lu ni, Abẹ́rẹ́. Ilé gbígbé ni mò ń kọ́ látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò mọ ògiri tó ń gbé ilẹ̀ dúró rí. Mo ní ṣé èmi ni màá mọ ògiri tó dán báyìí kí n wá fi ihò sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Mo dí wọn, mo fi ọwọ́ dán wọn. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀ rí."

Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí, òun ni o, àwọn tó gbà á síṣẹ́ láìsọ fún un ni o. Mo dì í lápá mú.

"Ẹ gbọ́, bàbá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti dúró. Òní kọ́ ló máa wó. Ẹ jẹ́ ká wọlé, kí wọ́n kọ orúkọ yín, ká máa lọ sílé. Tó bá dọ̀la, a ó wá ọgbọ́n dá sí i, a lè kọ lẹ́tà sí wọn tí ò ní orúkọ nínú."

Ó gbá ọ̀rá náà mọ́ra. Mo gbà pé ó ti gbọ́ tèmi, mo sì fà á wọlé.

Àgbàlá gbọọrọ ló wà nínú odi, àwọn àgbá ìbọn tò sórí òkìtì ilẹ̀ yí i ká, ògiri bíríkì sì gbé òkìtì náà dúró. Ògiri bàbá mi ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí, torí pé òun nìkan ló dán. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aṣọ ni mò ń ṣe. Mo mọ bí aṣọ ṣe ń rí nígbà tó bá fún ara mọ́, tí okùn ń na tán. Àárín ògiri náà ti yọ ikùn. Ó tutù láti ìbàdí lọ sókè, ó sì gbẹ táútáú lẹ́sẹ̀. Lábẹ́ ikùn yẹn gan-an ni wọ́n to bẹ́ńṣì sí, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni ibòòji wà. Àwọn ará báńkì ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń tú búrẹ́dì àti ìgò omi jáde.

Kí bàbá mi tó lanu, obìnrin kan yọjú láti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì tó kọjú sí ògiri náà, ó ju ọwọ́ sí wa. "Ṣé bàbá bíríkìlà nìyẹn? Ẹ máa bọ̀, mo ti ń retí yín."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàbá mi wọlé. Ọ̀gá ọ́fíìsì náà ṣèèyàn. Ó fún un lága, ó gba ìwé àti fọ́tò, ó wo ẹ̀yìn wọn, ó ní irú ẹ̀rí tó dájú báyìí ò tíì wọlé látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀.

"Orúkọ yín ló kù, sà, àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kó wà lára pátákó."

Bàbá mi mú bíríò. Ó gbé e sójú ìwé. Fèrèsé wà níwájú rẹ̀, àgbàlá sì wà nínú fèrèsé náà, pẹ̀lú bẹ́ńṣì, pẹ̀lú ọkùnrin sísanra kan tó bọ́ bàtà tó sì fẹ̀yìn ti ògiri. Mò ń sọ nínú mi pé, kọ ọ́, bàbá, jọ̀ọ́, kọ ọ́. Ó gbé bíríò náà kalẹ̀.

"Ẹ ní kí àwọn èèyàn yẹn dìde níbẹ̀ ná."

"Kí ló dé, sà?"

"Omi ti kún ẹ̀yìn ògiri yẹn. Ó fẹ́ wó."

Ọ̀gá náà wo fèrèsé, ó wò mí, ó wá rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Bàbá, àwọn tó ń yẹ ilé wò wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn," bàbá mi ní.

"Ta ló sọ fún yín pé omi wà níbẹ̀?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń tì í síwá sẹ́yìn, kò sì lè sọ ọ́ jáde. Ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn jáde. Mo dúró síbẹ̀, ìwé àti fọ́tò lọ́wọ́ mi, mo ń sọ fún ọ̀gá pé ara bàbá ò yá dáadáa, pé kó jọ̀ọ́ kó má bínú. Títí dòní, bí mo bá rántí ohun tí mo sọ yẹn, ojú máa ń tì mí.

Ìgbà tí mo bojú wo ìta, bàbá mi ti fa ọ̀pá irin kan yọ nínú ọgbà òdòdó. Ó rìn lọ sí ẹsẹ̀ ògiri, láàárín bẹ́ńṣì méjì. Ó fi ọ̀pá náà kan bíríkì, ó gbé etí tì í, ó tún sún síwájú díẹ̀. Àwọn ará báńkì ń wò ó bíi sinimá. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ lórí eékún tó ti ń dùn ún láti ọdún márùn-ún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún ibì kan tí kò yàtọ̀ sí ibòmíràn lójú mi. Èmi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ ibi tó dí.

Ẹ̀ṣọ́ odi sáré dé. Ó gbá a mú lẹ́yìn, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé orí yín pé? Iṣẹ́ àwọn baba ńlá lẹ fẹ́ fi irin bàjẹ́!"

"Èmi ni mo mọ ọ́n," bàbá mi ní. "Mi ò mọ ọ́n re."

"Ẹ gbọ́ o, bàbá ló kọ́ odi," ọkùnrin tó bọ́ bàtà ní. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ti gbé fóònù sókè, ó ń ká a sílẹ̀.

Inú ihò tó gún náà ṣókùnkùn, kò sí omi kankan níbẹ̀. Bàbá mi yí ojú wá mi káàkiri àgbàlá. Kò pè mí o. Ó kàn ń wá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré débẹ̀.

"Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀!" Mo na ìwé náà sójú ẹ̀ṣọ́. "Ẹ wo òǹtẹ̀ ọ́fíìsì yín. Òun ni bíríkìlà tó tún ògiri yìí mọ. Ihò mẹ́rìndínlógún ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún omi, gbogbo wọn ló fi símẹ́ńtì dí, kò mọ ohun tí wọ́n wà fún. Bàbá mi ló ṣàṣìṣe yẹn, kì í ṣe wèrè."

Ọmọbìnrin afinimọ̀nà gba fọ́tò lọ́wọ́ mi. Nínú fọ́tò náà, bàbá mi, tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, na ọwọ́ méjèèjì mọ́ ògiri tuntun, ẹsẹ̀ ògiri náà sì ń dán láti igun dé igun. Ọmọ náà wo fọ́tò, ó wo ẹsẹ̀ ògiri, ó rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń wá ihò kan. Kò rí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń fi ihò han àlejò nílé ẹ̀tù, tó sì ń mú wọn wá jẹun síbí.

Ìgbà náà ni ihò tí bàbá mi gún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó kọ́kọ́ ké fínfín, lẹ́yìn náà ó tu omi pupa díẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà omi náà nípọn bí apá mi.

Ọmọ náà fọn fèrè. "Ẹ dìde! Ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ kọjá síbi ọ́fíìsì!"

Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n ń kọ lu ara wọn, ìgò ń yí nílẹ̀. A ti dé ìdajì àgbàlá nígbà tí ọkùnrin sísanra yẹn rántí bàtà rẹ̀. Ó yíjú padà. Bàbá mi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, fò mọ́ ọn lẹ́wù, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀.

Bíríkì kan yọ jáde láti àárín ògiri. Ó rọra yọ ni, bí ìgbà tí èèyàn fa dúróọ̀ tábìlì jáde. Mo rí i kedere pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ògiri bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin, òkìtì ilẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ mì títí dé ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí ariwo dákẹ́, a ò rí bẹ́ńṣì kankan mọ́. Ẹrẹ̀ náà dúró ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí ibi tí bàbá mi àti ọkùnrin yẹn dùbúlẹ̀ sí.

Àwọn ará báńkì ka ara wọn. Wọ́n tún un kà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó gbà pé àwọn pé méjìlélógún. Ọkùnrin sísanra náà jókòó sílẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá ọ́fíìsì mú àga jáde fún bàbá mi. Ó ṣí fáìlì kan, ó ní òun gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá òun lókè kí ọjọ́ tó rọ̀, kí wọ́n lè wá yẹ àwọn ògiri yòókù wò. Ó wò mí. Ó rọra ní òun lè kọ ọ́ pé bíríkìlà kan ló dí àwọn ihò náà, kí òun fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," mo yára dáhùn. "Ẹ fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀."

"Rárá," bàbá mi ní. "Kọ orúkọ mi."

Ó pè é fún un, orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ó ní kó fi Gúnrégé kún un, torí pé òun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nídìí iṣẹ́. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Obìnrin náà ń kọ, bàbá mi sì na ọrùn, ó ń wo bí bíríò ṣe ń lọ.

"Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ńkọ́, sà? Kí ni kí n kọ síbẹ̀?"

"Kọ ọ́ pé èmi ni mo dí àwọn ihò náà. Mẹ́rìndínlógún. Kọ iye wọn, kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n máa wá lẹ́sẹ̀ àwọn ògiri yòókù."

Ó kọ ọ́. Mo ti yí ojú kúrò, mo ń nu ojú mi.

"Kà á sí mi létí," bàbá mi ní.

Obìnrin náà kà á, láti orúkọ dé iye ihò. Bàbá mi tẹ́tí sí i dé òpin, ó sì mi orí.

"Ó pé," ó ní.